Lẹ́tà Iṣẹ́, Ìwé Ìtọrọ-Àforíjì àti Fáàsì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Oníṣòwò Èkìtì

Ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ ti ẹni tó ń tẹ̀wé ní Adó, tó ń se oúnjẹ òde ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ọ̀yẹ́, tó ń kó ìrẹsì Ìgbẹmọ ránṣẹ́ sí Èkó: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwé kíkọ, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ ìwé máa ń ká mọ́ lójijì. Ti ìtọrọ-àforíjì la fi ṣáájú, torí òun ló máa ń bá èèyàn láìmúra.

Ṣé kí n kọ lẹ́tà ni, àbí kí n wọ aṣọ kí n lọ bẹ oníbàárà nílé?

Bí ẹ bá mọ ilé ara yín, tí owó tó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀, ẹ lọ. Ẹ mú àgbà kan tí oníbàárà náà ń bọ̀wọ̀ fún dání, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ àwíjàre láti ẹnu ọ̀nà. Kò sí lẹ́tà tó lè ṣe iṣẹ́ ìdọ̀bálẹ̀.

Lẹ́tà di dandan nígbà tó bá jẹ́ iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ọsibítù tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni oníbàárà yín. Bọ́sà tí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún lónìí lè kúrò níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó wà nínú fáìlì ni bọ́sà tuntun máa bá. Ó tún di dandan bí ẹ bá máa dá owó padà, bí ẹ bá dá ọjọ́ tuntun, tàbí bí iṣẹ́ náà bá ti ní ìwé àdéhùn tẹ́lẹ̀. Kódà nígbà náà, ẹ pe èèyàn náà lórí fóònù kí ìwé tó dé. Ẹni tó bá ṣàdédé gba ìwé tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ lè rò pé ẹjọ́ lẹ fẹ́ pè.

Báwo ló ṣe yẹ kó yá tó?

Ìpè fóònù: kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lẹ́tà: láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìdí tí ẹ fi pẹ́ náà yóò ti di ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá mọ gbogbo ohun tó fà á. Ẹ kọ èyí tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa sọ ìyókù.

Kí ni kò gbọdọ̀ má sí nínú lẹ́tà ìtọrọ-àforíjì?

Nígbà tí ẹ bá wà níwájú èèyàn, ojú yín, ohùn yín àti orúnkún yín ló ń bẹ̀bẹ̀. Orí ìwé kò ní orúnkún. Ohun tó máa rọ́pò rẹ̀ ni kí oníbàárà rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe gan-an: ọjọ́ rẹ̀, iye rẹ̀, àti ohun tó dà sílẹ̀ fún un. “Ẹ má bínú nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀” kò sọ nǹkan kan. “Ìwé 300 lẹ san owó rẹ̀, 180 la kó fún yín” ti kúnlẹ̀.

Bí a ṣe máa ń tò ó rèé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú déètì àti iye. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìnira tó kó bá oníbàárà; èyí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun sì ni oníbàárà ń wá nínú lẹ́tà náà. Ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Ẹ sọ ìdí rẹ̀, gbólóhùn kan, ó pọ̀ jù méjì. Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe: kí lẹ máa ṣe, ọjọ́ wo, ta ló máa san owó rẹ̀. Ẹ kádìí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè, kì í ṣe nọ́ńbà ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kì í gbé.

Ojú ewé kan ni kó mọ. Bí ó bá ti wọ ojú ewé kejì, àwíjàre ló gùn, kì í ṣe àforíjì.

Ẹ jẹ́ ká rí àpẹẹrẹ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tí kò kó ìwé ètò ìsìnkú pé. Ibi tí àmì àkámọ́ bá wà ni kí ẹ fi tiyín sí.

(Orúkọ àti àdírẹ́sì iléeṣẹ́ yín),
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, 2025.

Alága Ìgbìmọ̀ Ìsìnkú,
(Àdírẹ́sì),
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Alàgbà,

ÌTỌRỌ-ÀFORÍJÌ LÓRÍ ÌWÉ ÈTÒ ÌSÌNKÚ TÍ KÒ PÉ

Ìwé ètò ìsìnkú 300 ni ẹ san owó rẹ̀ fún wa ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13, 180 péré ni a kó dé. Ọ̀pọ̀ àlejò tó jókòó lẹ́yìn kò rí ìwé gbà, àwọn ọmọ olóògbé sì ń sá káàkiri láti gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí fún àlejò. Ìtìjú tí èyí kó bá yín lọ́jọ́ tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, ọwọ́ wa ló ti wá.

Ẹ̀rọ wa dákẹ́ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, a kò sì gbé iṣẹ́ náà lọ síbòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé a kò pè yín lálẹ́ náà kí ẹ lè wá ọgbọ́n mìíràn dá.

A ti dá owó ìwé 120 tí kò dé padà lónìí, ₦84,000 (ẹgbẹ̀rún mẹ́rinlélọ́gọ́rin náírà), sínú àkáǹtì tí ẹ fi sanwó. Ní àfikún, a ó bá yín tẹ káàdì ìdúpẹ́ 150 lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tó máa wà lórí rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20, a ó gbé e dé Ìkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24.

Èmi fúnra mi ni kí ẹ pè, lórí (nọ́ńbà).

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
(Ìbuwọ́lù)
(Orúkọ yín),
Máníjà.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀bẹ̀ wà: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí owó ti padà. Ẹ wo bí lẹ́tà náà kò ṣe di ohun gbogbo ru ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ kọ́ ló ní fóònù lọ́wọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló máa ń ba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́?

“Bí ohun tí a ṣe bá bí yín nínú.” Ẹ mọ̀ pé ó bí i nínú, “bí” tí ẹ fi síbẹ̀ ti tún un bí nínú lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Àṣìṣe kan wáyé.” Ta ló ṣe é? Àṣìṣe kì í dìde fúnra rẹ̀ wá láti ìta.

“Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀, kò sí iná.” Kò sí iná ní ilé oníbàárà pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ gba owó rẹ̀, ẹ ti mọ bí iná ṣe rí, ó sì gbà pé ẹ ti ra dísù sílẹ̀. Owó epo tó lọ sókè náà rí bẹ́ẹ̀.

“Iṣẹ́ Èṣù ni.” Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ibi ìjọsìn.

“Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n...” Ohun tó bá wà lẹ́yìn “ṣùgbọ́n” nìkan ni wọ́n máa rántí.

Òwe ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó jẹ̀bi tó wá ń pòwe dà bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ lọ́gbọ́n. Ọmọdé tó bá pòwe lójú àgbà pàápàá ní láti fi “tótó, ó ṣe bí òwe” sí i, lẹ́tà iṣẹ́ kò sì ní àyè fún ìyẹn.

Ṣé ó yẹ kí n fi owó gbà-máà-bínú tàbí ẹ̀bùn sí i?

Ẹ kọ́kọ́ dá ohun tó jẹ́ ti oníbàárà padà ní kíkún. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bùn, ẹ má sì pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀ ni gbà-máà-bínú. Kó jẹ́ ohun tó bá ìpalára náà mu: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó kò nílò kálẹ́ńdà yín. Ẹ má ṣe fi ẹ̀dínwó lórí iṣẹ́ tó ń bọ̀ ṣe gbogbo àtúnṣe, torí ńṣe lẹ ń sọ fún ẹni tí inú ń bí pé kó tún wá náwó lọ́dọ̀ yín kó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń bójú tó iṣẹ́ náà, ẹ̀dínwó náà kó lọ sórí ínfọ́ìsì ọ́fíìsì rẹ̀, kó má lọ sí àpò rẹ̀; èkejì ti ní orúkọ mìíràn.

Tí mo bá kọ ọ́ pé mo jẹ̀bi, ṣé wọn kò ní gbé lẹ́tà náà lọ sí kóòtù?

Wọ́n lè gbé e lọ. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ohun tí èèyàn bá fi ẹnu tàbí ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ṣeé fi ṣe ẹ̀rí. Abala 84 òfin yẹn sì fi àyè sílẹ̀ fún ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, tí wọ́n bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ímeèlì kò ká yín mọ́.

Fún ìwé tí kò pé, búlọ́ọ̀kù tó fọ́ tàbí ẹrù tó pẹ́ ọjọ́ méjì, ìbẹ̀rù yìí kò tó nǹkan. Oníbàárà tó rí owó rẹ̀ gbà kì í sábà ní ìdí láti wá lọ́yà. Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró kí ẹ sì rí lọ́yà kí ẹ tó kọ ohunkóhun ni ibi tí èèyàn bá ti fara pa, tí oúnjẹ bá ṣe èèyàn léṣe, tí ilé bá wó, tàbí tí owó tó wà níbẹ̀ bá lè ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ lè kọ ìwé ìbánikẹ́dùn lọ́jọ́ náà: ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dùn yín, ẹ ń wádìí rẹ̀, ẹni báyìí ni kí wọ́n pè. Ẹ má sọ ta ló jẹ̀bi níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń tẹ “WITHOUT PREJUDICE” (pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tó wà níbẹ̀ ta ko àwọn ní kóòtù) sórí gbogbo lẹ́tà, bí ẹni wọ ońdè sọ́rùn. Abala 196 òfin kan náà ló dáàbò bo ìwé tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí, àmọ́ ìdúnàádúrà láti parí ìjà láìdé kóòtù ló wà fún. Lórí lẹ́tà àforíjì lásán, ohun tó ń sọ fún oníbàárà ni pé ẹ fi ọwọ́ kan bẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọwọ́ kejì di ilẹ̀kùn mú.

Yorùbá ni kí n fi kọ ọ́ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Báńkì, ilé iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ kọngilá, iléeṣẹ́ tó wà lókè òkun: Gẹ̀ẹ́sì, torí òun ni fáìlì wọn fi ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀, ìgbìmọ̀ ẹbí, ààfin, àgbà tó jẹ́ pé ọmọ ló máa kà á sí i létí: Yorùbá. Bí ẹ bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, “Dear Sir” tàbí “Dear Madam” ń lọ pẹ̀lú “Yours faithfully”, “Dear” pẹ̀lú orúkọ ń lọ pẹ̀lú “Yours sincerely”. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa wọ́n pọ̀, akọ̀wé àgbà tó bá kà á kò sì ní ṣàì rí i.

Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ kọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Èdè Èkìtì dùn lẹ́nu, àmọ́ ti Ìjerò kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Òmùò, kò sì sí bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí gbogbo wa fẹnu kò sí. Ẹ fi àmì sí ọ̀rọ̀, pàápàá níbi tí owó tàbí ẹrù bá wà. “A ti ko oko 40 ranse”: ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀? Àgbẹ̀ tó san owó ọkọ́ 40 kò ní rẹ́rìn-ín sí i. Tí ẹ kò bá lè tẹ àmì ohùn lórí fóònù yín, ẹ tẹ àmì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn la ìtumọ̀: “ọkọ ti a fi n ro oko”.

Báwo ni mo ṣe máa pe ẹni tí mo ń kọ lẹ́tà sí?

“Ẹ” ni ní gbogbo ìgbà, ìbáà jẹ́ ọmọdé ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹ bi akọ̀wé wọn ní oyè tó ń jẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́. Ní Èkìtì níbí, ẹ kò mọ ìgbà tí ẹni tí ẹ pè ní “Ọ̀gbẹ́ni” máa já sí ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí olóyè, lẹ́tà tí ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ á sì ti di ẹ̀ṣẹ̀ tuntun. Tí ìlú bá ń kọ̀wé sí ọba, orúkọ oyè ni à ń lò, kì í ṣe orúkọ àbísọ lásán: “Kábíyèsí, Èwí ti Adó-Èkìtì”, “Kábíyèsí, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì”. Akọ̀wé ààfin lẹ máa gbé e fún.

Irú ìwé wo, báwo ni mo ṣe máa ká a, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n gbà á?

Ìwé A4 funfun, 210 × 297 mílímítà, tó jẹ́ gíráàmù 80. Èyí tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí yíǹkì hàn lẹ́yìn. Ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2.5 sílẹ̀ yíká, kí lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 12. Ká a sí mẹ́ta, yóò wọ àpò ìwé gbọọrọ funfun tó jẹ́ 110 × 220. Yíǹkì búlúù ni kí ẹ fi buwọ́ lù ú, torí bí ó bá jẹ́ dúdú, kò sẹ́ni tó máa mọ ojúlówó yàtọ̀ sí fọ́tòkọ́pì.

Ẹ̀dà méjì lẹ máa tẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ṣọ́ orí ìwé lọ. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ “gbà” lu èkejì, pẹ̀lú déètì, orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Bí ọ́fíìsì náà kò bá ní òǹtẹ̀, kó fi ọwọ́ kọ ọ́. Ẹ̀dà tó padà yẹn ni kó lọ sínú fáìlì yín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n bá ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan, òun nìkan ló máa gbà yín sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ ẹnu géètì.

Ṣé mo lè fi lẹ́tà rán awakọ̀ láti gáréèjì?

Wébíìlì yá, ẹ lè fi lẹ́tà rán ọkọ̀ láti Adó ní àárọ̀ kó dé Ìbàdàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á gàdàgbà sára àpò ìwé, ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, kí ẹ pe ẹni tó ń retí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kó má jẹ́ pé awakọ̀ ló ń wá a. Ẹ má fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀ tàbí owó ránṣẹ́ báyìí. Fún àwọn ìwé yẹn, ẹ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tó ní ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà lórí.

Ta ló tún ń lo fáàsì láyé yìí?

Fáàsì ni ẹ̀rọ tó ń gba orí wáyà fóònù gbé ẹ̀dà ìwé lọ sí ẹ̀rọ mìíràn. Àwọn tí ẹ ń bá ṣòwò lókè òkun lè ṣì máa lò ó. Ní Japan àti Jámánì, ọ́fíìsì tó ní fáàsì ṣì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọsibítù àti ilé apòògùn ṣì máa ń béèrè fún un. Bí ẹ bá ń gba ìwé ìwòsàn láti ọ̀dọ̀ wọn, tàbí tí ẹ ń ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Japan tàbí ti Jámánì, ó lè kàn yín.

Wàhálà tiwa ni pé fáàsì ń fẹ́ fóònù onílà ti ilẹ̀, èyí sì ti ṣọ̀wọ́n láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001. Ẹ má ronú pé ẹ lè so ẹ̀rọ fáàsì mọ́ fóònù alágbèéká. Ohùn ni fáàsì fi ń gbé àwòrán ìwé. Fóònù alágbèéká a máa fún ohùn pọ̀ kó lè kéré, ó ń tọ́jú èyí tí etí èèyàn nílò, ó sì ń ju ìyókù nù. Etí yín kò ní mọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ tó wà lódìkejì kò ní rí nǹkan kan kà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni fáàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ó fi PDF ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n á sọ ọ́ di fáàsì, á jáde nínú ẹ̀rọ oníbàárà yín.

Mo rí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa fi ránṣẹ́?

Ojú ewé àkọ́kọ́ ni ìwé ìṣíde. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbà á àti ẹ̀ka ọ́fíìsì rẹ̀, nọ́ńbà fáàsì rẹ̀, orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín, déètì, kókó ọ̀rọ̀, àti iye ojú ewé: “Ojú ewé 4, pẹ̀lú èyí.” Iye yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ojú ewé kan bá lẹ̀ mọ́ èkejì nínú ẹ̀rọ yín, òun ni ẹni tó gbà á fi máa mọ̀ pé ọ̀kan kò dé. Ẹ tún kọ nọ́ńbà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

Láti Nàìjíríà, 009 lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ tẹ nọ́ńbà orílẹ̀-èdè, kí ẹ tẹ ti ìlú láìsí òdo iwájú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ ìyókù. Nọ́ńbà Jámánì tí wọ́n kọ bí 030 ti Berlin á di 009 49 30. Òdo yẹn tí èèyàn kò yọ ló máa ń fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn “kò wọlé”.

Ẹ wo àwòrán tó wà lára ẹ̀rọ kí ẹ tó kó ìwé sí i. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fẹ́ ojú ìwé sísàlẹ̀, àwọn mìíràn sókè. Ẹni tó bá ṣì í yóò fi ojú ewé funfun báláú mẹ́rin ránṣẹ́, ẹ̀rọ yóò sì sọ pé ó ti lọ dáadáa.

Bó bá jẹ́ Yorùbá ni lẹ́tà náà, ẹ tẹ bọ́tìnì “fine”. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ìlà tín-ín-rín 98 péré ni ẹ̀rọ máa ń kà nínú íǹṣì kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Fine” ń ka 196. Ní 98, àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ máa ń pòórá tàbí kó lẹ̀ mọ́ ìlà. Ó máa ń gba àkókò jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó sanwó rẹ̀, àmọ́ “ẹ̀yin” kò ní di “eyin” lójú ẹni tó ń kà á.

Ẹ má lo pẹ́ńsù, ẹ má fi yíǹkì aláwọ̀ kun ọ̀rọ̀: àwọ̀ òfeefèé lè di dúdú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Òǹtẹ̀ tí yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ kò ní hàn rárá.

Ẹ̀rọ kọ “OK”. Ṣé wọ́n ti rí i nìyẹn?

Rárá. “OK” ń sọ pé ẹ̀rọ ọ̀hún gba ohun tí ẹ̀rọ yín sọ. Kò sọ pé ìwé wà nínú rẹ̀, pé yíǹkì wà, tàbí pé ẹnì kan ti gbé e kúrò lórí àtẹ. Ẹ tọ́jú ìwé “OK” náà mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà, kí ẹ sì pè wọ́n. Ẹ wo aago kí ẹ tó pè: Japan fi wákàtí mẹ́jọ ṣáájú wa, agogo mẹ́ta ọ̀sán ní Adó ti di mọ́kànlá alẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà, tí fáàsì bá wọlé sórí ìwé tó ń dán, tó ń ká róńdó, ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ooru ló fi ń kọ̀wé, ooru ló sì máa pa á rẹ́. Ẹ má fi sórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀.

Ṣé mo lè fi fáàsì tọrọ àforíjì?

Fún ìkìlọ̀ kíákíá nìkan: “Ẹrù yín kò ní lè gbéra lọ́la, lẹ́tà ń bọ̀.” Fáàsì máa ń tú sórí àtẹ níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń kọjá, ẹni tí ẹ ń bẹ̀ sì lè má fẹ́ kí akọ̀wé rẹ̀ mọ̀ pé ẹ jẹ ẹ́ lówó.

WhatsApp ńkọ́?

Ó dára láti fi PDF lẹ́tà tí ẹ ti buwọ́ lù ránṣẹ́. Ẹ sọ fáìlì náà lórúkọ tó yéni, kì í ṣe “Doc1”. Ẹ má fi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ṣe àforíjì fún oníṣòwò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ẹ̀bẹ̀ láìsí déètì kan nínú rẹ̀ kò ṣeé fi sí fáìlì. Ẹ má sì ṣe é nínú gúrúùpù, àyàfi tó bá jẹ́ inú gúrúùpù náà lẹ ti ṣẹ̀ ẹ́.

Èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa kọ tèmi?

Ohun kan náà, láti òdìkejì: ohun tí ẹ rà, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye rẹ̀, ohun tó ṣe é, ohun tí ẹ fẹ́ (owó ni, àbí pààrọ̀?), àti gbèdéke, ọjọ́ 14 dára. Ẹ so fọ́tòkọ́pì rìsíìtì mọ́ ọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, torí ẹni tí ẹ bú ló máa gbé lẹ́tà náà fún ọ̀gá. Bí wọn kò bá dáhùn, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 ló gbé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀, ẹ lè fi ẹ̀dà lẹ́tà yín sùn wọ́n níbẹ̀. Wọ́n máa fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó tajà fún yín.

Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo wá rí i pé iye owó inú rẹ̀ kò tọ̀nà.

Ẹ má fi lẹ́tà tuntun ránṣẹ́ bí ẹni pé ti àkọ́kọ́ kò sí rí; méjèèjì máa wà nínú fáìlì wọn, ẹnì kan á sì bi yín pé èwo ni ká gbà. Ẹ kọ ìwé kúkúrú tó ní àkọlé kan náà, kí ẹ fi “ÀTÚNṢE” ṣáájú rẹ̀. Ká ní ₦48,000 la ṣèèṣì kọ sínú lẹ́tà àpẹẹrẹ òkè yẹn: “Nínú lẹ́tà wa ti ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, ìpínrọ̀ kẹta, a kọ ₦48,000. ₦84,000 ló yẹ kó jẹ́. Ìyókù lẹ́tà náà dúró bí ó ṣe wà.” Ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín.